Ìdáhùn Amòye: Kí ni ìtumọ̀ QUAICH, èló sì ni ó tó lójú pátákó Scrabble?

Ìbéèrè tí ó dé ọ̀dọ̀ mi láti Abẹ́òkúta nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń ta Scrabble ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tí a jọ jókòó tẹ́ QUAICH kalẹ̀. Mo ní kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n nígbà tí a yẹ ìwé ọ̀rọ̀ wò, a bá a níbẹ̀, mo sì pàdánù. Nígbà tí mo bi àwọn ènìyàn ní ìtumọ̀ rẹ̀, ẹnì kan ní ife ìmutí ni. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó ti gbé ní Dublin, ní Írẹ́lándì, rí ní orúkọ ẹyẹ ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ sì ní rárá, ìgbámọ́ra ni. Èwo ni kí n gbà? Ṣé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ohun tí ènìyàn ń kọ́ sórí? Mo sì tún gbọ́ pé ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà kọ ọ́. Ṣé òótọ́ ni?"

Ọ̀rẹ́ mi, kò sí èyí tí ó parọ́ nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n dá yín lóhùn. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ń sọ bí ẹni pé ẹyọ kan ni. Àkọ́kọ́ ni cuach, tí ó ti wà nínú àwọn èdè Gaelic láti ayé àtijọ́, tí ó sì ru ìtumọ̀ púpọ̀. Èkejì ni quaich, tí àwọn ará Skọ́tlándì tí kì í sọ Gaelic yá lára ti àkọ́kọ́, tí wọ́n sì mú ìtumọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ dání lọ, ìyẹn ife ìmutí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín nídìí pátákó Scrabble pé kí ni QUAICH, ife ni kí ẹ dáhùn, ẹ kò ní jìn sí kòtò. Bí ó bá jẹ́ cuach ni wọ́n bi yín, ẹ ní láti kọ́kọ́ bi onítọ̀hún pé cuach ti èdè wo, àti nínú gbólóhùn wo.

Mẹ́ta ni àwọn èdè Gaelic: ti Írẹ́lándì, ti Skọ́tlándì, àti Manx tí ó jẹ́ ti Erékùṣù Man, erékùṣù kékeré tí ó wà nínú òkun láàrin Írẹ́lándì àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti inú èdè àtijọ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fetí sí bí Yorùbá àti Ìṣẹ̀kírì ṣe jọra tí wọ́n sì yàtọ̀ yóò mọ irú ìbátan tí mo ń sọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọmọ ilé yìí rárá. Aládùúgbò ni, aládùúgbò tí ó sì máa ń yá nǹkan ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ife, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín ti ṣẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ èdè tọ ipasẹ̀ cuach tí ó túmọ̀ sí ife lọ sí ọ̀rọ̀ Látìnì kan, caucus, tí àwọn ará Róòmù fúnra wọn gbà láti ọwọ́ àwọn Gíríìkì. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí ti rin ìrìn àjò ná kí ó tó dé Írẹ́lándì. Ife náà kì í jìn nínú. Ó tẹ́jú díẹ̀ bí àwo, ó sì sábà máa ń ní ohun ìdìmú méjì tí ó nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kìíní kejì. Orúkọ tí àwọn ará Skọ́tlándì fún ohun ìdìmú wọ̀nyí ni "etí", bí àwa náà ì bá ṣe pè é. Láyé àtijọ́, igi ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n lè gbẹ́ ẹ láti ara ìtì igi kan, wọ́n sì lè to pátákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yíká bí wọ́n ṣe ń ṣe àgbá, kí wọ́n wá fi okùn igi tàbí fàdákà gbà á ní àmùrè kí ó má baà tú. Nígbà tí ó di apá ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tí àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Edinburgh àti Glasgow bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, wọ́n a máa fín ìlà sí ara fàdákà náà kí ó lè dà bí ẹni pé pátákó ni wọ́n tò. Ohun tí kò sí ìlò fún mọ́ di ọ̀ṣọ́, nítorí pé ojú àwọn tí ń rà á ti mọ́ ife onípákó, wọn kò sì fẹ́ kí ìrísí rẹ̀ sọnù.

Wísíkì ni wọ́n sábà máa ń bu sínú rẹ̀. Wọ́n fi ń kí àlejò káàbọ̀, wọ́n fi ń yẹ́ tọkọtaya sí níbi ìgbéyàwó, a sì máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ fi jẹ́ méjì: bí ẹ ti ń nà án sí mi, mo ti rí ibi dì mú kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní abẹ́ igi ọ̀pẹ tí wọ́n ń gbé ahá ẹmu kiri láàrin ẹgbẹ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Títí di òní olónìí, bí ikọ̀ rọ́gíbì Skọ́tlándì àti ti Írẹ́lándì bá pàdé nínú ìdíje ọdọọdún ti orílẹ̀-èdè mẹ́fà, ife tí ẹni tí ó borí ń gbé lọ ilé ni a ń pè ní Centenary Quaich, ó sì ti wà láti ọdún 1989. Ó wù mí púpọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ni nínú èdè baba wọn ni wọ́n fi sọ orúkọ ohun tí wọ́n jọ ń dù.

Ẹyẹ tí ẹ̀gbọ́n yín wí ńkọ́? Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ṣùgbọ́n ní Írẹ́lándì. Níbẹ̀, cuach ni orúkọ ẹyẹ kan tí ó jẹ́ ìbátan ẹlúùlúù tiwa, tí ó máa ń dé láti ilẹ̀ Áfíríkà ní nǹkan bí oṣù Igbe nígbà tí òtútù bá ń lọ, tí ó sì máa ń yé ẹyin rẹ̀ sínú ìtẹ́ ẹyẹ ẹlẹ́yẹ kí onítọ̀hún lè bá a tọ́ ọmọ. Igbe ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe gbọ́ "lúù, lúù" lẹ́nu ẹlúùlúù. Ní Skọ́tlándì, cuthag ni wọ́n ń pe ẹyẹ yìí, ní Erékùṣù Man, cooag ni. Ẹ rí i pé igbe kan náà ni etí mẹ́ta gbọ́, tí olúkúlùkù sì kọ ọ́ bí ó ti dùn ún gbọ́. Ohun tí ó mú kí ẹyẹ àti ife jọ ń jẹ́ cuach ní Írẹ́lándì ni pé ọ̀rọ̀ méjì tí orísun wọn kò pa pọ̀ bọ́ sí ẹnu ọ̀nà kan náà. Kò sí ìtàn kankan tí ó so ẹyẹ mọ́ ife, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni hun irú rẹ̀ fún yín.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n yín náà gbọ́ ohun tí ó gbọ́. Ní èdè Írẹ́lándì, cuach tún lè jẹ́ ìdì tí a dì pọ̀, irun orí tí ó lọ́ mọ́ra, okùn tí a so ní ìso aláwẹ́, àti ọwọ́ méjì tí ó gbá ènìyàn mọ́ra. Ní Gaelic ti Skọ́tlándì pẹ̀lú, a máa ń bá a pàdé níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa irun tí ó ká tàbí aṣọ tí a ṣẹ́ po. Ohun tí ó ká mọ́ra, tí ó rọ̀gbà yí nǹkan ká, ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Níbí, mo gbà pé ó rọrùn láti rí bí ọkàn ènìyàn ṣe lè ti orí irun tí ó ká dé orí apá tí ó ká mọ́ ọmọ. Orúkọ ewé kan tún wà, cuach Phádraig, ìyẹn cuach ti Patrick, ẹni mímọ́ tí Írẹ́lándì ń bọlá fún jù lọ. Ewé pẹlẹbẹ ẹ̀bá ọ̀nà ni, tí ó fẹ̀ lórí ilẹ̀ bí àwo, àwọn ará Skọ́tlándì sì ń pè é bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ó bá jẹ́ pé èdè Yorùbá ni, ohùn ni ì bá yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa. A kò lè ṣi ọkọ̀ mú fún ọkọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè ṣi ọkọ́ mú fún ọkọ, bí a bá fi àmì sí wọn dáadáa. Cuach kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣíwájú rẹ̀ àti èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń sọ fún ènìyàn bóyá ó ń mu, ó ń fò, tàbí ó ń gbá ọmọ mọ́ra.

Báwo wá ni cuach ṣe di quaich? Ohun tí ó wà níbí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ. Lẹ́tà méjìdínlógún ni Gaelic ti Skọ́tlándì ń lò, Q kò sì sí nínú wọn. Kò sí i nínú èdè tiwa náà: nínú lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa, kò sí Q. Nígbà tí àwọn tí kì í sọ Gaelic gbọ́ cuach, tí ohùn rẹ̀ ń lọ bí "kúà" tí a wá fi ìró kan tí ó ń ha lọ́nà ọ̀fun parí rẹ̀, ìró tí ó wà ní ìparí loch tí wọ́n ń pe adágún omi, wọ́n kọ ọ́ bí ọwọ́ wọn ṣe mọ̀ ọ́n kọ. Ọwọ́ wọn sì ti mọ QU fún irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí búrẹ́dì àti tábìlì. A kò bi Gẹ̀ẹ́sì léèrè bí ó ṣe fẹ́ kí a kọ ọ́.

Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ Skọ́tlándì, ẹ óò rí àríyànjiyàn ọ̀nà ìkọ̀wé yìí tí ó ṣì wà lójú ilẹ̀. Òkè kan wà nítòsí abúlé Dalwhinnie tí ó ń jẹ́ Meall Chuaich, òkè ife, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 951, adágún omi Loch Cuaich sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ ìwọ̀nyí tẹ̀ lé Gaelic. Àfonífojì kan wà ní Perthshire tí ó ń jẹ́ Glen Quaich. Lápá ìwọ̀ oòrùn, adágún kan ń jẹ́ Loch Quoich. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, nítorí pé ibi tí ilẹ̀ bá jìn kòtò bí inú ife ni wọ́n ń fi í pè. Ọwọ́ akọ̀wé ni ó yàtọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sídìí pátákó. Máàkì Q jẹ́ 10, ti U, A àti I jẹ́ 1 fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ti C jẹ́ 3, ti H sì jẹ́ 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Ìlàjì iye náà, láti ara Q, jẹ́ ti lẹ́tà tí èdè tí ó ni ọ̀rọ̀ náà kò mọ̀ rí. Alfred Butts, ayàwòrán ilé ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe eré yìí ní àwọn ọdún 1930, ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde nínú ìwé ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi máàkì púpọ̀ fún èyí tí kò wọ́pọ̀. Ìṣirò Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sì ṣe ìrẹ́jẹ kankan sí ara Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ wo H tí ó gba máàkì 4, tí méjì péré sì wà nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́tà. Nínú Gaelic, H wà káàkiri bí iyẹ̀pẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń sàmì sí kọ́ńsónáǹtì tí ó bá rọ̀: ife ni cuach, ife mi ni mo chuach. Bí ẹ bá tẹ́ CUACH kalẹ̀ nínú ìdíje èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn yóò kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀rọ̀ gidi. Quaich tí àlejò kọ ni wọ́n gbà.

Ẹ bèèrè bóyá ó tó kọ́ sórí. Ìdáhùn mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ẹ óò kọ́kọ́ kọ́. Q jẹ́ lẹ́tà tí ó ń pa olówó rẹ̀ lára. Bí eré bá parí tí ó ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹni tí ó kó lẹ́tà tirẹ̀ tán yóò gba ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn máàkì 20. Nítorí náà, QI, QAT, SUQ àti QUA ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, nítorí pé wọ́n ń gbà yín sílẹ̀ kíákíá, mẹ́ta nínú wọn kò sì béèrè ìrànlọ́wọ́ A àti U papọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni QUAICH. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń kó fáwẹ̀lì mẹ́ta kúrò lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà, U, A àti I, irú àkójọ tí ó máa ń sú ènìyàn bí ó bá pọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí ó ti dùn jù lọ hàn yín. Ká ní ẹ̀yin ni ẹ óò bẹ̀rẹ̀ eré, tí gbogbo lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kàn tẹ́ ẹ kí ó gba orí ìràwọ̀ àárín kọjá, yóò sì gba 40, nítorí pé ìràwọ̀ náà ń sọ ọ̀rọ̀ di ìlọ́po méjì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìlà àárín yẹn, ojú kẹrin láti apá òsì ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá gbé Q sí orí rẹ̀, H yóò bọ́ sí ojú kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ náà yóò sì gba orí ìràwọ̀ ní ojú kẹjọ. Q di 20, àpapọ̀ di 30, ìràwọ̀ sọ ọ́ di 60. Bí lẹ́tà keje yín bá jẹ́ S, QUAICHS ni ẹ óò tẹ́ láti ojú kan náà: 31 di 62, a wá fi 50 tí wọ́n ń fún ẹni tí ó kó lẹ́tà méjèèje sílẹ̀ lé e, ó di 112. Ìyàtọ̀ láàrin 40 àti 60 kò wá láti inú mímọ ọ̀rọ̀. Ibi tí a gbé e sí ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú ni agbára àwọn ọmọ Nàìjíríà nínú eré yìí, òótọ́ sì ni pé wọ́n mọ̀ wá sí bẹ́ẹ̀. Wellington Jighere, tí ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba adé àgbáyé ní ìlú Perth ní Ọsirélíà ní ọdún 2015, lẹ́yìn tí ó borí Lewis Mackay ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní eré mẹ́rin sí òdo, tẹ́ FELTY, ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún, tí ìròyìn ròyìn gan-an. Èmi kò rí ìjà kankan láàrin ọgbọ́n yẹn àti ohun tí mo ń sọ. Ẹni tí ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú jagun gbọ́dọ̀ mọ àwọn tí ó gùn díẹ̀ pẹ̀lú, kí ó lè mọ ohun tí ẹnìkejì lè fi ojú tí òun ṣí sílẹ̀ ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹlẹgbẹ́ fún un, ẹ wá USQUEBAE mọ́ra. Orúkọ wísíkì fúnra rẹ̀ ni, láti ara uisge beatha, omi ìyè. A tún lè kọ ọ́ ní USQUABAE, máàkì 19 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Níbẹ̀ náà, Q ni àlejò fi rọ́pò G àwọn onílé. CEILIDH náà dára, àpèjọ ijó àti orin. Ìbẹ̀wò alẹ́ sí ilé ọ̀rẹ́ ni ó jẹ́ nípilẹ̀. Lẹ́tà méje ni, 13 ni máàkì rẹ̀ kí a tó fi 50 kún un. Àmì orí è tí ó wà nínú cèilidh kò sí mọ́ nígbà tí ó dé orí pátákó.

Ẹ kò ṣẹ̀ nígbà tí ẹ ṣàtakò. Ẹ̀tọ́ yín ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ìdíje ẹni tí ó bá ṣàtakò ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ máa ń san án. Ṣùgbọ́n "kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì" kì í ṣe ìdí tí ó lè dúró. Ọ̀rọ̀ tiwa gan-an wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ tí àwọn ìdíje àgbáyé ń lò. OBA wà níbẹ̀, máàkì 5 ni, láìsí àmì ìsàlẹ̀ ọ, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá rí i kò lè mọ̀ bóyá ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ ni tàbí Ọbà tí ó jẹ́ odò àti òrìṣà. Ẹnì kan lè tẹ́ ẹ kalẹ̀ ní Toronto láìmọ̀ pé ènìyàn kan ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀tọ́ láti bi í pé, èwo nínú méjèèjì? Bí ará Írẹ́lándì bá wo QUAICH, ohun tí ó ń rí nìyẹn.

Ní ti ìbéèrè yín tí ó kẹ́yìn, òótọ́ ni pé ọ̀nà mìíràn wà. QUAIGH náà tọ́, ife kan náà ni, ṣùgbọ́n máàkì G jẹ́ 2 dípò 3 ti C, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 19. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré láti ojú kẹrin yẹn, 58 ni ẹ óò gbà. Ẹ fi ìyàtọ̀ kan sọ́kàn: bí ife bá ju ẹyọ kan lọ, QUAICHS àti QUAICHES ni ìwé ọ̀rọ̀ gbà, ṣùgbọ́n QUAIGHS nìkan ni ti èkejì. Ẹni tí ó bá tẹ́ QUAIGHES kalẹ̀ níwájú yín, ẹ ṣàtakò láìmikàn.